Àwọn Òkè Tí Ọkọ̀ Èrò Dé: Àyẹ̀wò Ọdún Tó Ń Kógbá Sílé

Nínú gbogbo ìrìn òkè ọdún yìí, ohun tó ń da ètò rú jù lọ kì í ṣe òkè. Àbọ̀ ni. Láàárọ̀ kùtù, mọ́tò ń yára kún torí àwọn oníṣòwò ń bá a lọ sọ́jà. Bó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní ìlú kékeré, awakọ̀ lè jókòó sí gáréèjì fún wákàtí kan kó má rí èrò mẹ́ta. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò: a ó kọ́kọ́ mú aago tó yẹ ká ti délé, a ó wá máa kà á padà títí dé aago tó yẹ ká jí.

Adó-Àwáyè, ìlú olókè lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, ló fi èyí hàn jù. Láti Ìbàdàn, ẹ wọ ọkọ̀ Ìsẹ́yìn. Ní Ìsẹ́yìn, ẹ tún wọ ọkọ̀ Adó, tó tó nǹkan bí 20 kìlómítà. Oòrùn oṣù Kejìlá ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ òun lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ ti padà sí Ìsẹ́yìn ní aago mẹ́ta. Nítorí náà, kó ti kúrò ní Adó ní aago méjì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kan ilẹ̀ nísàlẹ̀ òkè ní aago kan ààbọ̀. Wákàtí mẹ́rin ni gígùn, wíwò àti sísọ̀ ń gbà láìkánjú, ìyẹn ni pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, kó sì fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ fún ọkọ̀ àlọ. Ẹ ó rí i pé aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ló yẹ kéèyàn ti jókòó sínú ọkọ̀ n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá jí ní aago méje ti pàdánù ọjọ́ náà, kó lọ síbòmíràn.

Ọkọ̀ Adó sábà máa ń jẹ́ káà kékeré: èrò méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Bó bá ku ààyè kan tí kò kún, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ jọ dá owó ààyè náà, kí ọkọ̀ lè ṣí. Torí èyí, ẹ fi ìdajì owó àlọ kún owó àbọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣètò. Ẹ béèrè ọjọ́ ọjà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ pọ̀ tàlọ tàbọ̀. Ní ọjọ́ tí ọjà ò sí, ọ̀kadà lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó kù. Ẹ gba nọ́ńbà ọlọ́kadà tó gbé yín wọlé, kẹ́ ẹ sì bá a dá aago àbọ̀ kí ẹ tó gun òkè, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n máa ń kà ní Adó, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ lásán nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, orí àpáta gbalasa ni. Ẹ wo àwọn ìlà dúdú tó ń ṣàn wálẹ̀ lára àpáta náà: ojú omi ni wọ́n. Tí wọ́n bá gbẹ, ẹsẹ̀ máa ń dì wọ́n mú. Tí wọ́n bá tutù, wọ́n ń yọ̀ bí ilá. Ẹ tẹ ibi tó funfun. Afinimọ̀nà ìlú pọn dandan, pàápàá níbi tóóró tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run. Adágún Ìyákẹ̀ tó wà lókè ń jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ fún àwọn ará ìlú. Ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ má sì fi ọ̀rá omi sílẹ̀ létí rẹ̀.

Ìdànrè yàtọ̀. Láti Akúrẹ́, ọkọ̀ kò wọ́n, ìrìn náà kò sì jìn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó kò gbọ́dọ̀ gbèrò àlọ àtàbọ̀ ní ọjọ́ kan. Kó sun Akúrẹ́. Àtẹ̀gùn 667 ni, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Ẹ lo gbogbo rẹ̀, kódà bí ara ṣì le, torí orúnkún ló ń jìyà nígbà sísọ̀, kì í ṣe ẹ̀mí nígbà gígùn. Lókè, ìlú àtijọ́ ṣì wà: ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́, ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá yí padà níbi àtẹ̀gùn ìkẹyìn kò tíì rí Ìdànrè rárá, wákàtí méjì sí i ló yẹ kó fún un.

Omi: lítà méjì fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Píọ́ wọ́tà mẹ́rin ló jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá ń bẹ́ nínú báàgì nígbà tí èrò bá fún ara wọn mọ́ inú ọkọ̀. Ẹ dà á sínú ike kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Owó kéékèèké tún ṣe pàtàkì: trásìfà kì í wọlé níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò bá sí, ọlọ́kadà kì í sì í ní ṣénjì.

A kò kọ iye owó ọkọ̀ kankan síbí. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ kì í dúró lójú kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ èrò ẹgbẹ́ yín kẹ́ ẹ tó béèrè lọ́wọ́ agbèrò.

Fún ará Èkó tí kò ní ju ìdajì ọjọ́ lọ, ọgbà Lekki Conservation Centre ló rọrùn jù. Ọkọ̀ Ajah láti Obalende tàbí CMS, ẹ sọ fún kọ̀ńdọ́ kó já yín sí Chevron. Ẹ má retí ọ̀kadà, wọ́n ti fòfin dè é ní Ẹtí-Ọ̀ṣà láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2022. Afárá orí igi ibẹ̀ gùn tó mítà 401. Ẹ má gbé oúnjẹ sọ́wọ́, ọ̀bọ ń já a gbà.

Ètò ọdún tuntun wá tẹ̀lé ojú ọjọ́. Oṣù Kìíní, Olúmọ: ọyẹ́ lè bo Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ fẹ́ wò láti òkè, ṣùgbọ́n àpáta gbẹ, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó sì dé Láderin, ẹ ṣírò kẹ̀kẹ́ tí ẹ ó wọ̀ láti ibẹ̀ dé Ìkìjà mọ́ ọn. Oṣù Kejì, Ìdànrè, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Olúmirìn, omi onípele méje tó ń já láti orí àpáta ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, di ìparí oṣù Kẹwàá, torí ní ọ̀gbẹlẹ̀ ó máa ń fà tín-ín-rín, ní àárín òjò ẹ̀wẹ̀, ọ̀nà láti ìpele kejì dé ìkeje ń di ẹrẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Adó-Àwáyè ló gba oṣù Kọkànlá: òjò ti dáwọ́ dúró, omi ṣì wà nínú Ìyákẹ̀, ọyẹ́ ò sì tíì dé.