Barbados, ọjọ́ tí a gúnlẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Ṣẹ́rẹ́. Carlisle Bay, Bridgetown.

Tíì mi wà lórí tábìlì, mi ò sì dì í mú. Ẹni tí kò bá wọ ọkọ̀ onígbòkun rí lè má mọ̀ pé ìròyìn ńlá nìyẹn. Láti Mindelo ní Cape Verde títí dé ibí, nǹkan bí 2,000 máìlì òkun, ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ti ń tì wá. Ọkọ̀ ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, tọ̀sán-tòru, kò sì sí ohun tí a gbé kalẹ̀ tí kì í wá ibi sá lọ.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru ni mo kọ́kọ́ rí Barbados, bí ohun tí mo rí bá ṣeé pè bẹ́ẹ̀. Èmi ni ìṣọ́ kàn. Ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run níwájú wa funfun fẹ́ẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ òṣùpá ti wọ̀. Mi ò jí ẹnikẹ́ni. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ń ṣa ẹja tó fò wọnú ọkọ̀ lóru. Àwọn ẹja oníyẹ̀ẹ́ yìí kì í bẹ̀rù. Wọ́n á ta kúrò nínú omi, wọ́n á sì bá ara ọkọ̀ pàdé gbàà. Ìpẹ́ wọn tí ó bá ti gbẹ, omi kò lè ṣí i, àfi kéèyàn fi èékánná ha á.

Tó bá jẹ́ erékùṣù St Lucia tàbí St Vincent la ń lọ ni, à bá ti rí òkè láti òkèèrè, torí iná abẹ́ ilẹ̀ ló gbé wọn dìde. Barbados ò rí bẹ́ẹ̀. Iyùn inú òkun ló kọ́ ọ, tí ilẹ̀ fi ń ru sókè díẹ̀díẹ̀. Mount Hillaby tó ga jù níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 340 mítà lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan la rí, ó dúdú, lẹ́yìn náà ó di aláwọ̀ ewé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ilẹ̀ náà kò ní òórùn. Gbogbo atukọ̀ tí mo ti bá ṣiṣẹ́ ló ní imú ló máa ń mọ ilẹ̀ kí ojú tó rí i. Mo fa imú títí, iyọ̀ nìkan ni. Mo sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ni ọkọ̀, tí wọ́n fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ẹnjiníà ní Ìlú Ọba tí wọ́n sì kọ̀ láti jókòó sílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yìn wa kọ́ ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni? Àwọn ará ibẹ̀ ló ń gbóòórùn tiwa, àbúrò.”

Bá a ṣe wẹ̀ mọ lọ́sẹ̀ yìí, mo bá wọn kẹ́dùn.

Ẹ̀gbọ́n wá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti yí padà. “Àwọn tí wọ́n kó gba orí omi yìí, wọn ò rí èyí. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn fún wọn ni wọ́n tó mọ̀ pé ilẹ̀ wà.” Afẹ́fẹ́ kan náà ni. Ọdún 1627 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ ibí dó. Nígbà tí oko ìrèké gba gbogbo ilẹ̀, afẹ́fẹ́ yìí ló ń ti ọkọ̀ ẹrú wá. Mi ò ní ohun tí mo lè fi kún un. Mo lọ se kọfí.

A jìnnà sí Cobbler's Reef ní gúúsù ìlà-oòrùn, níbi tí omi ti ń fọ́ funfun lórí òkúta, a sì yí South Point pẹ̀lú ilé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ aláwọ̀ pupa àti funfun. Irin ni wọ́n fi ṣe é, láti 1852 ló ti wà níbẹ̀. A yípo tán, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí ilẹ̀ kọjá kó tó kàn wá, òórùn sì dé lẹ́ẹ̀kan náà: erùpẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, epo bẹntiróòlù, òróró tí ẹnìkan ń fi dín nǹkan. Ọmọbìnrin ará Mindelo tó bá wa tukọ̀ jí lójú oorun, ó yọrí síta, ó ní, “Ta ló ń dín nǹkan?” Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Gbogbo wa ń fa imú.

Ṣùgbọ́n rírí ilẹ̀ kọ́ ni wíwọ ilẹ̀. Àsíá aláwọ̀ ìyeyè la ta sókè: ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a kò tíì gbàṣẹ. Nígbà tí àsíá yẹn bá wà lókè, ọ̀gá ọkọ̀ nìkan ló lè sọ̀ kalẹ̀, kó kó ìwé lọ bá àwọn onílera, àwọn aṣọ́bodè àti àwọn ìmígíréṣọ̀n. Èbúté ńlá Bridgetown, tí wọ́n ṣí ní 1961, ọkọ̀ gàgàrà ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan tó ga bí ilé alájà mẹ́wàá la so mọ́, àwọn èrò inú rẹ̀ sì ń tú jáde pẹ̀lú fìlà àti sálúbàtà, wọ́n ń bọ́ sínú takisí. Ọkọ̀ tiwọn náà gba orí omi wá. Wọ́n sùn ní ibì kan, wọ́n jí ní ibòmíràn. Mo jowú wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ó dá mi lójú pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n pàdánù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owú ló ṣì ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ilé dúró, èmi ni mi ò dúró. Mo gbá etí tábìlì ìmígíréṣọ̀n mú. Ìyá tó jókòó síbẹ̀ wo pásípọ́ọ̀tù mi, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, “Ẹ fi í sílẹ̀, ọmọ Nàìjíríà. Tábìlì yẹn ò lọ síbì kankan.” Ó lù ú ní òǹtẹ̀. A sọ àsíá ìyeyè kalẹ̀, a sì fi tí Barbados rọ́pò rẹ̀, búlúù àti wúrà, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ́ ìdí rẹ̀ láti fi hàn pé wọ́n ti já kúrò lábẹ́ àmúnisìn.

Carlisle Bay la wá sọ ìdákọ̀ró sí. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, níbi tí omi ọ̀sà bá ti dé orúnkún, o ò ní rí ẹsẹ̀ ara rẹ mọ́. Níbí, mo dúró síwájú ọkọ̀, mo ń ka ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró lórí iyanrìn nísàlẹ̀, ìjápọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjàpá òkun kan wá, ó wò wá, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọ̀sán la tó jẹun, ní ìsọ̀ kan nínú ìlú, ìyá kan ló ń tà. *Cou-cou* ló pe oúnjẹ náà. Ó ti bọ ilá, ó ti sẹ́ omi rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ń da omi yọ̀yọ̀ náà sórí ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀díẹ̀, ó sì ń rò ó pẹ̀lú igi pẹlẹbẹ. Apá òsì rẹ̀ di ìkòkò mú, ọ̀tún ń fà á mọ́ra, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kí ó má bàa ní kókó. Ọmọrogùn ìyá mi ni mo ń wò. Ó fi bọ́tà pa abọ́, ó bu oúnjẹ sí i, ó dojú abọ́ dé àwo, ó sì ṣí i: ó dúró rìbìtì. Ó gbé ẹja oníyẹ̀ẹ́ tó ká lé e, pẹ̀lú ọbẹ̀ tòmátì, àlùbọ́sà àti ata wọn tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí wọ́n fi mọ́sítáàdì lọ̀. Ata náà ta. Ẹ̀gbọ́n ní kò ta, omi sì ń dà lójú wọn.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti òkun dé,” ìyá náà ní, “ṣé ẹ rí ẹja?”

Mo ní àràárọ̀ là ń ṣà wọ́n nínú ọkọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹja yìí pọ̀ débi pé wọn kì í ka iye rẹ̀, ní báyìí ọ̀wọ́n ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹja yìí wà lára ohun tó gbé Barbados àti Trinidad àti Tobago dé iwájú àwọn adájọ́ àgbáyé, tí wọ́n pààlà òkun fún wọn ní 2006. Ẹja náà ò mọ ààlà, ibi tí omi bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ló ń lọ. Ó fún mi ní ṣéńjì, owó ẹyọ dọ́là kan. Mo yí i padà: ẹja oníyẹ̀ẹ́ ló wà lára rẹ̀.

Alẹ́ ti lẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní kò sí ẹni tí ìṣọ́ kàn lálẹ́ òní, kí gbogbo wa sùn. Wọ́n ti lẹ iṣẹ́ ọ̀la mọ́ ara ògiri kí wọ́n tó lọ sùn: ìgbòkun iwájú tó ya létí, omi mímu, gáàsì, aṣọ fífọ̀. Orúkọ mi ló wà níwájú aṣọ fífọ̀, ti gbogbo ọkọ̀. A ó jọ sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn láàárọ̀.