Òsì Méjì l'Òṣogbo

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé, àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ gbàgbé, nígbà tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ṣì wú bí ọ̀dùnkún.

Ẹ ṣáà mọ ìlérí tí mo ṣe lójú gbogbo ẹgbẹ́ asáré wa: òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn, kìlómítà márùn-ún láràárọ̀ ò ní yẹ̀. Ìnáwó ẹbí wá gbé mi lọ sí Òṣogbo fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹlòmíì á ní kóun fi sinmi. Èmi kọ́, èmi tí mo ti di ehoro láti oṣù méjì sẹ́yìn! Òru ni mo kó ẹrù, iná ò sí, mo ń fọwọ́ tá bàtà sáré mi kiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bàtà sáré méjì ni mo ní, àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọ̀kan ti gbó, ọ̀kan ṣì tuntun. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, nílé àbúrò ìyá mi l'Òkè-Fìà, ni mo tú báàgì tí mo rí i pé òsì ni mo kó wá. Méjèèjì. Òsì tuntun, òsì àtijọ́. Mo yí wọn síwá, mo yí wọn sẹ́yìn, mo dojú wọn bolẹ̀, bóyá ọ̀kan á ṣàánú mi kó di ọ̀tún. Òsì ni.

Ẹni tó ní làákàyè á padà lọ sùn. Mo ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ òsì, mo fa okùn ẹ̀ le dan-in. Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé òsì méjì yìí, ọ̀tún ni wọ́n ń wọ́ mi lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yà bàrá sétí gọ́tà kí n tó jáde ládùúgbò.

Kí n tó jáde náà, Àǹtí ti bá mi níbi tí mo ti ń na iṣan lẹ́nu ọ̀nà.

"Àkànjí, ta lo jẹ lówó l'Ékòó?"

"Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni, mà. Eré ìdárayá ni."

"Eré wo ni wọ́n ń fi irú ojú yẹn ṣe?"

Mo já sí Ọláìyá, mo gba abẹ́ bíríìjì kọjá, mo kọrí sí Old Garage. Ìyá alákàrà kan ń koná lọ́wọ́. Ó rí mi tí mò ń tiro bọ̀, tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo fẹ́ kí i, èémí ò jẹ́, mo bá juwọ́ sí i. Ọwọ́ yẹn ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ káàárọ̀" ni mo fi ọwọ́ sọ, "ẹ sá" ni ìyá gbọ́. Ó ju abẹ̀bẹ̀ iná sílẹ̀, ó di ìró mọ́ra, ó figbe ta: "Àgbàlagbà kì í sáré lásán o!"

Ìgbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, èèyàn bíi mẹ́fà ló ń sáré bọ̀. Ọ̀kan fi pákò sẹ́nu, ọ̀kan ro tówẹ̀lì mọ́dìí, ó fọwọ́ kan dì í mú. Ọkàn mi ní, "O ti tán, wọ́n ti pè ọ́ lólè." Mo bá ki eré mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe ki eré mọ́lẹ̀, àwọn náà gbà pé ohun tó ń bọ̀ ti dé tòsí nìyẹn, wọ́n fi kún tiwọn. Èmi ń sá fún wọn, àwọn ń bá mi sá, kò sì sẹ́ni tó ń lé ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́kadà kan ń nu ọ̀kadà ẹ̀ létí títì. Mo fò gùn ún lẹ́yìn: "Ẹ jẹ́ á lọ!" Kò bèèrè ibi tí mò ń lọ, kò dárúkọ owó. Ó wẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀kan péré, ó rí oní-tówẹ̀lì, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ta ọfà. Ìgbà tá a dé Ọjà Ọba ló tó tẹ bíréèkì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí la ń sá fún gan-an?"

Mo ṣàlàyé. Ó wo ojú mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó tún wo ẹsẹ̀ mi. 1,000 náírà ló gbà: ó ní 500 ni owó ọ̀nà, 500 ni ti ẹ̀rù.

Mo ti gbàgbé fóònù tó wà lápá mi. Fóònù ò mọ ọ̀kadà yàtọ̀ sẹ́sẹ̀, sátẹ́láìtì ló fi ń ṣọ́ni. Béèyàn bá ṣáà ti kúrò níbì kan dé ibòmíì, eré ló sá. Kí n tó mu píọ̀ wọ́tà kan tán, ó ti gbé èsì mi síwájú gbogbo ẹgbẹ́: kìlómítà tó yá jù, ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Noah Ngeny ọmọ Kẹ́ńyà, tó gba góòlù ní Olímpíìkì Sydney ní ọdún 2000, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 11.96 ló fi sá kìlómítà kan ní 1999, kò sì tíì sọ́kùnrin kankan láyé tó sá a yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi baba ọmọ mẹ́ta, oníkùn bẹ̀ǹbẹ̀, mo fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá yọ sílẹ̀ lára ẹ̀, tòun ti òsì méjì.

Ṣé ẹ rò pé ẹnì kan sọ pé irọ́ ni? Alága wa ló kọ́kọ́ kí mi: "Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun!" Òmíì ní omi Ọ̀ṣun ni mo mu. Òmíì bèèrè oúnjẹ tí mo jẹ sùn. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ o, mo fi Ọlọ́run búra, ṣùgbọ́n ìyìn dùn. Wákàtí méjì ni mo fi ń jẹ ẹ́ lẹ́nu.

Akápò wa ló wá kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì pa ọjọ́ kan jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tó sá kìlómítà mẹ́wàá lọ́jọ́ tí gbogbo wa jọ rí i nídìí ìrẹsì òwàḿbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Tèmi kì í yá tó báyẹn o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gba nọ́ńbà ọlọ́kadà yẹn?"