Ìgbà tí ẹ bá gba àmì tán leré bẹ̀rẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú rọ́gíbì ẹlẹ́ni méje

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń bọ̀ wá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní rọ́gíbì n'Ìbàdàn, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ra fèrè. Nínú rọ́gíbì ẹlẹ́ni méje, ìgbà tí ikọ̀ yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àmì ni iṣẹ́ tó le jù bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìdíje àgbáyé tí mo ti wò tí mo sì ti kọ sílẹ̀, orí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń dá mi padà sí.

Inú òfin ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Nínú rọ́gíbì ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ikọ̀ tí wọ́n gba àmì lé lórí ló ń gbá bọ́ọ̀lù àtúnbẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń tún eré bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àmì. Ti ẹlẹ́ni méje yàtọ̀: ikọ̀ tó gba àmì náà ló máa gbá a. Ọmọ yín á sáré kọjá ìlà, á fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní try, ẹ ó gba àmì 5. Ẹlòmíì á gbá a gba àárín òpó méjì kọjá, ẹ ó gba àmì 2 kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbá bọ́ọ̀lù sọ́dọ̀ àwọn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fìyà jẹ. Tí ẹ ò bá mọ bí ẹ ṣe lè gbà á padà lójú òfuurufú, ẹ ti fún wọn ní àǹfààní láti san gbèsè wọn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wá wo bí àkókò ṣe kéré tó. Ìṣẹ́jú 7 ni abala kọ̀ọ̀kan, ìsinmi ìṣẹ́jú 2 ló sì wà láàárín. Orí pápá tó tóbi tó ti ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń sáré lé, ó lè gùn tó mítà 100, ó sì lè fẹ̀ tó mítà 70. Ènìyàn méje péré kò lè bo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ikọ̀ tí kò bá ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, ó ti sáré débi pé nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wá kàn án, ẹsẹ̀ á ti wúwo. Àmọ́ ikọ̀ tó gba try, tó sì gba bọ́ọ̀lù àtúnbẹ̀rẹ̀ padà, lè gba àmì 14 kí ọwọ́ alátakò tó kan bọ́ọ̀lù rárá.

Ẹ wá fídíò àṣekágbá àwọn ọkùnrin ní Òlíńpíìkì Rio 2016, níbi tí Fíjì àti Bìrìtéènì ti pàdé. 29 sí òdo ni Fíjì fi ń ṣíwájú nígbà tí abala àkọ́kọ́ parí, 43 sí 7 ni wọ́n sì fi borí. Òun ni àmì-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè náà gbà rí ní Òlíńpíìkì. Ẹ má kàn wo àwọn try. Ẹ wo ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe lẹ́yìn try: ta ló ti ń rìn padà sí àyè rẹ̀, ta ló ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, ta ló dúró sí etí ìlà. Ẹ dá a dúró, ẹ tún un wò. Dátà tí ẹ bá ná síbẹ̀ kò ṣòfò.

Ìlú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni Ìbàdàn, ẹ ó sì rí i lára àwọn ọmọ. Ọmọ tó dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ Adamasingba, tó ń gbọ́ ìtàn bí IICC Shooting Stars ṣe gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ́dún 1976, tó bá ti gba àmì, á fẹ́ sáré lọ bá àwọn òǹwòran, kó jó. Ẹ má bínú sí i, inú rẹ̀ dùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi yé e pé ìṣẹ́jú àáyá 30 péré ni ẹni tó fẹ́ gbá àmì 2 yẹn ní, àtúnbẹ̀rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Kó dì mọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ, kó padà sí àyè rẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọ́ wọn nìyí. Ẹni tó ń gbá a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ kó tó gbá a, ó sì gbọ́dọ̀ dé mítà 10 síwájú. Mi ò fẹ́ kó lọ jìnnà. Mo fẹ́ kó ga, kó pẹ́ lókè, kí àwọn tó ń lé e lè dé abẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀ wálẹ̀. Ẹnì kan á fò, ẹnì kejì á dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bá ta kúrò lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ lè bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò ìgbáradì yín sí i. Àwọn ọmọ á ráhùn pé àwọn fẹ́ sáré. Ẹ má gbà fún wọn.

Àwọn kan á sọ fún yín pé eré òyìnbó ni. Ẹ sọ ti Kẹ́ńyà fún wọn. Ní Singapore, lóṣù kẹrin ọdún 2016, Kẹ́ńyà na Fíjì yìí kan náà ní 30 sí 7 nínú àṣekágbá, oṣù díẹ̀ kí Fíjì tó lọ gba wúrà ní Rio. Collins Injera, gbajúmọ̀ eléré Kẹ́ńyà, wà nínú ikọ̀ ọjọ́ náà. Láti ọdún 1996 ni Nairobi sì ti ń gba àlejò ìdíje Safari Sevens. Wọn kò ṣàdéédé dé ibẹ̀. Tí ẹ bá wá ní owó ni kò sí, ẹ rántí pé àìlówó ló bí eré yìí: ẹgbẹ́ rọ́gíbì Melrose ní Scotland ń wá owó lọ́dún 1883, alápatà kan tó ń jẹ́ Ned Haig sì dábàá pé kí wọ́n dín iye àwọn eléré kù. Bàtà méje ṣeé wá ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ẹ má fi àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì ṣe ẹ̀kún iye. Nígbà tí wọ́n dé àṣekágbá àwọn ọkùnrin ní Paris 2024, Fíjì kò tíì pàdánù eré rí ní Òlíńpíìkì. 7 sí 7 ni wọ́n jọ wà pẹ̀lú Faransé nígbà ìsinmi. Antoine Dupont, gbajúmọ̀ eléré Faransé tó ti jókòó ní gbogbo abala àkọ́kọ́, wọlé. 28 sí 7 ni Faransé fi borí.

Ti oúnjẹ àti oòrùn: ikọ̀ lè gbá eré méjì tàbí mẹ́ta lọ́jọ́ kan kó tó kan kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Ẹ wá ibòji fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì. Àmàlà di ìrọ̀lẹ́.

Orí ọmọ ni kí ẹ ṣọ́ jù. Tí wọ́n bá fẹ́ dá alátakò dúró, nísàlẹ̀ èjìká ni kí wọ́n ti máa dì í mú. Ẹni tó bá dì í mú lókè èjìká lè gba káàdì yẹ́lò, ìṣẹ́jú 2 níta, nínú eré ìṣẹ́jú 14. Ọmọ tí orí rẹ̀ bá gbá nǹkan, tí òòyì ń kọ́, tàbí tí kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ti parí fún un lọ́jọ́ náà, kódà kó jẹ́ àṣekágbá, kódà kó máa sunkún. Ẹ pe òbí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn ọmọbìnrin nìkan ló kù. Láti ìgbà tí eré yìí ti wọ Òlíńpíìkì ni tiwọn ti wà níbẹ̀: Australia gba wúrà ní Rio, New Zealand gbà á ní Tokyo àti Paris. Ẹ pè wọ́n wá lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá pe àwọn ọmọkùnrin, kí ẹ sì ra bọ́ọ̀lù tó pọ̀ tó fún àwọn méjèèjì.