Irin Méjì Nínú Òfìfo

Ọjọ́ Ẹtì, alẹ́.

Àbúrò mi fi fídíò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp: wọ́n ní àwọn onímọ̀ ti rí iná ọ̀fẹ́ nínú òfìfo, ìyẹn ibi tí kò sí nǹkan kan, títí kan afẹ́fẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òótọ́ ni?" Mo ní òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ti iná ọ̀fẹ́. Irin méjì lè fa ara wọn mọ́ra nínú òfìfo lóòótọ́, àmọ́ iye agbára tí wọ́n bá mú wá bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ra náà lèèyàn máa ná láti yà wọ́n padà. Ẹ má tíì ta jẹnẹrétọ̀ yín.

Lọ́dún 1948 ni Hendrik Casimir, tó ń ṣe ìwádìí fún Philips ní Netherlands, ṣírò rẹ̀ pé bí irin pẹlẹbẹ méjì bá kojú ara wọn nínú òfìfo, tí kò sí iná mànàmáná lára wọn rárá, wọ́n á ṣì máa fa ara wọn mọ́ra. Òfìfo kì í dákẹ́ pátápátá; ìgbì ṣì ń mì nínú rẹ̀. Ìgbì tí àárín irin méjèèjì kò bá gbà kò ní sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ìta kò gbà. Mo fi wé ilẹ̀kùn tí àwọn tó ń tì í láti ìta pọ̀ ju àwọn tó wà nínú ilé lọ.

Bí àlàfo bá jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, agbára ìfàmọ́ra náà kò ju nǹkan bíi 0.0013 pascal lọ (pascal ni òṣùwọ̀n agbára tó ń tẹ ojú nǹkan). Dín àlàfo náà kù sí ìdajì, ó di ìlọ́po 16. Ọdún 1997 ni Steve Lamoreaux tó wọ̀n ọ́n dáadáa ní Seattle.

Àmọ́ àkàwé ilẹ̀kùn yẹn kì í bá wa dé ibi gbogbo. Ní 1953, Casimir rò pé bọ́ọ̀lù irin tí inú rẹ̀ ṣófo náà á máa fún pọ̀ wọnú, pé bóyá ohun tí kò jẹ́ kí electron, ègé bíńtín inú átọ́ọ̀mù, tú ká nìyẹn. Ní 1968, Timothy Boyer jókòó ti ìṣirò náà, ìṣirò tó le koko, ó sì rí i pé ìta ni agbára náà ń tì í sí! Òfìfo kan náà, irin kan náà. Ìrísí nìkan ló yàtọ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ṣàlàyé èyí fún mi kó yé mi.

Ohun tó wà láàárín náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Ní 2009, Munday, Capasso àti Parsegian ri bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n fi wúrà bò àti pẹlẹbẹ silica (irú ohun tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì) sínú bromobenzene, kẹ́míkà olómi kan. Dípò kí wọ́n fa ara wọn, ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn.

Robert Jaffe ti yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ fi hàn ní 2005 pé èèyàn lè ṣírò gbogbo agbára yìí láti ara iná tó ń sáré nínú irin, láìdárúkọ agbára òfìfo. Èmi gbè é lẹ́yìn. Àwọn onífídíò ló ń yára jù.

Ìṣirò Boyer ti 1974 ló kù tí mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe lọ́la: kí ọ̀kan nínú pẹlẹbẹ méjèèjì jẹ́ irin, kí ìkejì jẹ́ ohun tó gba òòfà láìlópin. Agbára wọn di ìdá 7 nínú 8 ti Casimir, wọ́n sì ń ti ara wọn.