"Mo pa á" tí mi ò kọ́kọ́ gbọ́ yé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wíìgì lọ́yà, ọ̀rọ̀ ìpànìyàn àti ìṣeniléṣe ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹjọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà kan bọ́ sí wa lọ́wọ́. Òun àti agbérò kan ń fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì ní Takie, ó tì í, ìyẹn ṣubú, orí rẹ̀ gbá etí gọ́tà. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Mo ṣí fáìlì, mo rí ohun tí ọlọ́pàá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ sílẹ̀: afurasí ti jẹ́wọ́ pé òun pa á. Mo pa fáìlì dé, mo sọ fún ọ̀gá mi pé ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kù. Bàbá ò bá mi jiyàn. Wọ́n ní kí n lọ bá a ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Abolongo, l'Ọ́yọ̀ọ́, kí n bi í ní Yorùbá, kí n sì kọ ọ́ bó bá ṣe sọ ọ́.

Ó dorí kodò. "Mo tì í ni, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo pa á. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá fún un ní igba náírà ọ̀hún."

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. "Mo tì í" lohun tó ṣe. "Èmi ni mo pa á" ni ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ já sí kànga náà á máa ké pé òun lòun pa ọmọ òun, kò sì sí Yorùbá kan tó máa rò pé ó gbèrò ikú. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀dùn ọkàn di ìjẹ́wọ́.

Nínú Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ẹ kà nílé ìwé, abala 316 ló sọ ohun tó ń sọ pípa ènìyàn di mọ́dà: lára rẹ̀ ni pé ẹni náà fẹ́ kí ó kú, tàbí ó fẹ́ ṣe é léṣe tó le gan-an. Abala 319 fi ikú sí i. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì bófin mu, manslaughter ni. Ẹ̀wọ̀n gbére ló lè dà, ní abala 325. Ẹ má fojú kéré "tàbí" yẹn o. Ẹni tó fi àdá ṣá ènìyàn lórí, tó wá ní òun ò fẹ́ kó kú, òun kàn fẹ́ ṣe é léṣe ni, ti fẹnu ara rẹ̀ so okùn mọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn.

Mo tún gbọ́ pé ilé àgbo ni wọ́n kọ́kọ́ gbé olóògbé lọ. Inú mi dùn, mo ní mo ti rí ọ̀nà. Ọ̀gá mi ṣí abala 312 fún mi: pé ìtọ́jú tó péye ì bá gbà á là kò yọ ẹni tó ṣe é léṣe.

Ẹlẹ́rìí kan ní òun gbọ́ tí ọlọ́kadà náà ń pariwo, "Màá pa ẹ́ lónìí!" Ẹ bi irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀melòó ni ìyá rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un lórí ọbẹ̀ tó dà nù. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé kí ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń pariwo. Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ ni, ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

"Ó ṣe mí léṣe" náà nìyẹn. Ṣé awọ bó ni, àbí eegun ṣẹ́, àbí ojú fọ́? Ẹ̀sùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí wọ́n na àdá sí á sì sọ fún yín pé "kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn mí", bẹ́ẹ̀ abala 252 ka nína yẹn sí ìkọlù, bó bá ti hàn pé ẹni náà lè ṣe é lóòótọ́.

Nítorí náà, ẹ bèèrè ìwé tí wọ́n fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ afurasí sí. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló túmọ̀ rẹ̀, kó wá jẹ́rìí. Òfin ìpìlẹ̀ 1999, abala 36, sì fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tí kò gbọ́ èdè kóòtù ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí ìmọ̀ràn DPP, olórí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn, dé láti Ìbàdàn, mọ́dà ti kúrò, manslaughter ló kù. Ní Kóòtù Gíga, ògbufọ̀ ka ẹ̀sùn fún un. Ó wo ibi tí ìyá olóògbé jókòó sí, ó ní, "Mo tì í." Ògbufọ̀ fẹ́ ṣàlàyé. Adájọ́ ní kó má fi nǹkan kan kún un.