Oríire ta ni mí?

Orí ń fọ́ mi. Kì í ṣe èyí tí mo máa ń ráhùn lé lórí níbí. Èyí jókòó sẹ́yìn ojú, ó ń lù kì, kì, kì, bí mo bá sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú bàtà, ó tún le sí i. Mo ti mumi, mo ti mu tíì ewé koka títí tó fi sú mi, mo sùn, mo jí, ó ṣì ń lù. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ ná. Bóyá ti orí ni, bóyá ti ọkàn ni, n kò mọ èwo ló ń da èwo láàmú.

Ọ̀rọ̀ náà ò tó nǹkan. Láàárọ̀ yìí, ní òpópónà Sagárnaga ní La Paz, ìlú kan lórí òkè ní Bolivia, àwọn ọmọbìnrin méjì kan tó wọ aṣọ ilé-ìwé ń gòkè bọ̀, èmi ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan rí mi, ó yára já ẹnì kejì rẹ̀ léèékánná lápá, ó ní, "Suerte!" Ẹnì kejì fò sókè, òun náà já a padà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá lára mi, wọ́n lọ. Ó tán.

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní São Paulo ní Brazil bíi tèmi mọ ohun tí wọ́n sọ, èdè ibẹ̀ àti ti ibí jọra. Oríire ni wọ́n ń pè. Ohun tí kò yé mi ni ti èékánná. Nígbà tí mo padà dé ilé àlejò, mo bi ìyá onílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí, wọ́n ní láti kékeré làwọn ti ń ṣe é: téèyàn bá rí aláwọ̀ dúdú lójú ọ̀nà, kó yára já ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ léèékánná, ire á wọlé tọ̀ ọ́. Wọ́n wá ní, "Kò sí ibi nínú ẹ̀."

Kò sí ibi nínú ẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni gbólóhùn náà ti ń bá mi rìn kiri ìlú.

Mo gbà pé kò sí. Mo rí ojú àwọn ọmọ yẹn, kò sí ìkà níbẹ̀. Inú wọn dùn pé wọ́n rí mi. Àwọn mélòó ni inú wọn ń dùn láti rí wa nílẹ̀ àjèjì? Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kí mi nínú wọn. Oríire wọn ni mí, n kò sì gba ẹ káàárọ̀ lẹ́nu wọn.

Ká sọ tòótọ́, mo fẹ́ bínú. Ìbínú ló ń fẹ́ èémí, èémí ò sì sí. La Paz yìí fi nǹkan bíi mítà 3,640 ga ju òkun lọ. Pápákọ̀ òfurufú tí a balẹ̀ sí ní El Alto tún ga jù ú lọ, mítà 4,061. Chappal Waddi ní Taraba, òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, mítà 2,419 péré ni. A gbéra ní Santa Cruz, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ tí ooru ń mú bíi ti Èkó. Kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ, a ti wà lókè yìí, ara ò tíì gbọ́ pé a ti kúrò nísàlẹ̀. Kì í ṣe pé ìdá ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ yí padà o. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló fẹ́lẹ́, tí mímí ẹ̀ẹ̀kan kò fi ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí ì bá jẹ́ létí òkun. Mo gun àtẹ̀gùn díẹ̀, mo dúró. Mo tún gun díẹ̀, mo di ògiri mú. Ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ? Sorojchi ni wọ́n ń pe àìsàn orí òkè yìí níbí, wọ́n sì ní ìmọ̀ràn kan tí tọmọdé tàgbà wọn mọ̀ sórí: rọra rìn, jẹun díẹ̀, dá sùn. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn, ẹ mọ̀ pé mo ti ń ṣe é tipẹ́ kí n tó gbọ́ orúkọ La Paz.

Ọmọkùnrin tó ń gbálẹ̀ nílé àlejò ní kí n má dààmú, ó ti ṣe àwọn tó jù mí lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, Argentina gbé Messi wá síbí, Maradona ló ń kọ́ wọn, Bolivia nà wọ́n 6–1. Ní 2007 FIFA ti fòfin de ìdíje orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè níbikíbi tó bá ga ju mítà 2,500 lọ, lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó gbá góòlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé fúnra rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bi í pé òun náà, ṣé ó máa ń já èèyàn léèékánná. N kò bi í. Mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣẹ́ kù tí màá kàn fẹ́ràn.

Màámi pè lọ́sàn-án. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú ní Ìbàdàn. Mo sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ta ni wọ́n já léèékánná?"

"Ara wọn ni, mà."

"Wọn ò fọwọ́ kàn ẹ́?"

"Wọn ò fọwọ́ kàn mí, mà."

"Wọ́n fún ẹ lówó?"

"Owó kẹ̀, Màámi?"

"Kẹ́hìndé, nígbà tí mo gbé ìwọ àti èkejì ẹ jó dé ọjà Bódìjà, ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n wò yín?"

Mo rẹ́rìn-ín títí èémí fi tán pátápátá, Màámi ń ké "ẹ̀lóò, ẹ̀lóò," wọ́n rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló já.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà nínú mi. Torí òótọ́ ni. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa fi mí ṣe oríire. Kí n tó mọ orúkọ ara mi ni àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń tẹ owó mọ́ mi lọ́wọ́, tí wọ́n á kọ́kọ́ fi kan orí wọn kí wọ́n tó fi sílẹ̀, tí wọ́n á ní kí n wúre fún àwọn, èmi tí n kò tíì lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta táyà, bí ọjà bá ti kú, á ránṣẹ́ sí Màámi pé kí wọ́n kó àwọn ìbejì kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Ẹ̀wà tí wọ́n ń sè nítorí tiwa, àwọn ọmọ ẹlòmíràn ló ń jẹ ẹ́ tán. Kò sẹ́ni tó bi wá bóyá a fẹ́ jẹ́ oríire ẹnikẹ́ni. N kò rántí pé ó dùn mí rí. Rárá, mo rántí. Ó máa ń dùn mí lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ kí wọ́n pe èmi nìkan.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń kí wa! Wọ́n ń ki Èjìrẹ́ ará Ìṣokùn, wọ́n ń bá wa jó, orí wa ń wú. Ire náà ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, díẹ̀ á sì kù sí wa lọ́wọ́. Ti Sagárnaga yìí, láti apá ẹnì kan sí apá ẹnì kejì ló lọ, èmi kàn ń kọjá ni. Bóyá ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ìyẹn wá túmọ̀ sí kí ni? Pé mo fẹ́ kí wọ́n já èmi náà léèékánná? N kò mọ̀. Ẹ má dá mi lóhùn.

Táyé ì bá ti fún wọn lésì lójú ẹsẹ̀, èsì tó máa jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín kí ojú sì tì wọ́n. Bí nǹkan ṣe rí láàárín èmi àti Táyé báyìí, n kò tún un sọ níbí. Ṣùgbọ́n òun ló yẹ kó ṣáájú, àbí? Òun làwa máa ń rán kó lọ tọ́ ayé wò, kó tó ké sí èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí n máa bọ̀. Ìlú yìí, èmi ni mo ṣáájú dé. Tí mo bá fẹ́ ké sí i, kí ni màá ní?

Màá ní ó tutù. Màá ní àwọn ìyá wọn ń jókòó ti ọjà, yẹ̀rì oníṣẹ́po púpọ̀ nídìí wọn, fìlà roboto lórí, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú sọ fún èèyàn pé owó tó pè kéré. Màá ní lójú títì àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n ń wọ aṣọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, ìrù àti etí pẹ̀lú, tí wọ́n ń dá mọ́tò dúró kí ẹlẹ́sẹ̀ lè kọjá. Ọ̀kan nínú wọn di ọwọ́ mi mú lónìí, ó mú mi sọdá, ó tẹríba fún mi bí ìyàwó ọba. N kò rí ojú ẹni tó wà nínú ẹ̀. Kò já ẹnikẹ́ni léèékánná, kò kúkú ní èékánná.

Ìyókù ọjọ́ náà: mo wọ teleférico, ọkọ̀ tó ń rìn lórí wáyà lókè, lọ sí El Alto, ìlà pupa, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní 2014, òkè Illimani yọ sí wa lókèèrè pẹ̀lú yìnyín lórí rẹ̀. Mo jẹ salteña, míìtì-páì tiwọn, ọbẹ̀ inú ẹ̀ dà sí mi láṣọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún lọ wo aago Plaza Murillo. Lára ilé aṣòfin ló wà, ọwọ́ rẹ̀ ń yí sẹ́yìn, nọ́ńbà rẹ̀ náà to sódì. Ní 2014 ni wọ́n yí i bẹ́ẹ̀, wọ́n ní aago ti gúúsù ayé ni, pé kò sídìí tí àwọn fi gbọ́dọ̀ máa ka àkókò bí àwọn ará àríwá ṣe ń kà á. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́, n kò mọ̀ bóyá aago ló ń yí tàbí ojú mi. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Ìlú tó lè bi aago pé ta ló ní kó máa gba ọ̀tún lọ, ó lè bi èékánná náà léèrè ọ̀rọ̀.

Nítorí kí ló dé tí a fi ṣọ̀wọ́n tó báyìí ní La Paz, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá rí wa ti ríre? Láyé tí Spain ń jọba níbí, wọ́n kó àwọn èèyàn láti Áfíríkà gòkè lọ sí Potosí, ìlú fàdákà, tó ga ju mítà 4,000 lọ. Nínú òtútù yẹn, nínú irú afẹ́fẹ́ tí mo ń bá jà yìí, wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé tí wọ́n ti ń rọ owó fàdákà. Èmi tí mo ní bẹ́ẹ̀dì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ń ké. Àwọn mìíràn bá ara wọn lóko àwọn onílẹ̀ ní Yungas, àfonífojì olóoru tó wà nísàlẹ̀ òkè yìí, wọ́n ń gbin koka. Ní 1851 òfin ní ẹrú ti parí, àmọ́ títí di àtúntò ilẹ̀ ti 1953, àwọn ọmọ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ fún onílẹ̀ láìgbowó. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà ní Yungas, wọ́n ṣì ń gbin koka. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ewé ọwọ́ wọn ló wà nínú ife mi yìí. Kí wọ́n kó èèyàn lọ sí àfonífojì láti ìran dé ìran, lọ́jọ́ tó bá wá gòkè wá sí ìlú, kí wọ́n máa pariwo oríire!

Ó dàá, èémí ti dé díẹ̀.

Àwọn aláwọ̀ dúdú Bolivia yìí ní ọba o. Julio Pinedo, wọ́n dé e ládé ní 1992, ìjọba ẹkùn La Paz sì tẹ́wọ́ gbà á ní 2007. Ìwé òfin ilẹ̀ Bolivia ti 2009 dárúkọ wọn, òfin mìíràn tún tẹ̀ lé e ní 2010 tó lòdì sí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ti èékánná yẹn, àwọn náà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àwọn ò fẹ́. Nítorí náà, ìyá onílé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí wọ́n ń fi ṣe é ló yẹ kó sọ bóyá ibi wà nínú ẹ̀. Mi ò ní sọ fún wọn. Wọ́n gbé omi gbígbóná wá fún mi láìjẹ́ pé mo bèèrè, wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí mi bí Màámi ṣe máa ń ṣe. Bóyá màá sọ ọ́ nígbà tí mo bá ń lọ.

Lọ́la ni Coroico, ìlú kan ní Yungas. Mọ́tò á kọ́kọ́ gun La Cumbre, tó tún ga ju ibí lọ, kó tó já wálẹ̀ sí Yungas, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tó èèyàn mí.

Mo ti fẹ́ pa fóònù nígbà tí Màámi tún pè. Wọ́n ní àwọn ti sọ fún Táyé. Ta ló rán yín níṣẹ́, Màámi? Wọ́n ní Táyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé ìdajì ire ni àwọn ọmọ yẹn rí gbà, torí òun ò sí níbẹ̀.