Ìtọ̀ Ìdájí Ló Tàn Mí Jẹ

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ "a kò rí ẹyin kòkòrò" sórí ìwé àyẹ̀wò ọmọ yẹn. Nígbà kẹta tí ìyá rẹ̀ dé, kò tilẹ̀ kí mi. Ó gbé ìgò kékeré kan kalẹ̀ sórí tábìlì, gbì, ó ní: "Bọ̀dá láàbù, ẹ̀jẹ̀ rèé. Ṣé ojú tiyín ni kò rí i ni?"

Lóòótọ́, ìtọ̀ inú ìgò yẹn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Abúlé kan létí dáàmù Ọ̀yán, lápá Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti ń wá. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń jí kí wọ́n tó rí ọ̀kadà tí yóò gbé wọn débi mọ́tò, kí ọmọ náà sì tó wọ bàtà ni ìyá rẹ̀ á ti ní kó tọ̀ sínú ìgò. Tí wọ́n bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, aago mẹ́sàn-án ti kọjá.

Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ àyẹ̀wò nìyẹn. Mo ti gbà pé mo mọ máíkírósíkóòpù lò, àti pé n kì í ṣe ìmẹ́lẹ́. Mo wo síláìdì ọmọ yẹn títí ọrùn fi ń dùn mí. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń rí, ẹyin kòkòrò tó ń mú kéèyàn tọ ẹ̀jẹ̀ ni n ò rí.

Ọ̀gá mi, ìyá kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì nígbà náà, ló gbọ́ ohùn wa láti yàrá kejì. Kò wo síláìdì mi rárá. Ó yíjú sí ìyá ọmọ: "Ìyá, ìgbà wo lọmọ yìí tọ ìtọ̀ yìí?"

"Ní ìdájí ni, mà."

Ó wá kọjú sí mi: "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o bi wọ́n?"

N ò bi wọ́n. Fọ́ọ̀mù wa ní àyè fún aago, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àti ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Ó ní kí wọ́n jókòó di ọ̀sán. Ó ra omi inú ọ̀rá méjì fún ọmọ náà. Nígbà tí aago méjìlá kọjá díẹ̀, ó ní kó sáré yí igi máńgòrò ẹ̀yìn láàbù po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, eré ló pè é. Lẹ́yìn náà ló wá fún un ní ìgò mímọ́: "Tọ èyí tó bá kọ́kọ́ jáde dànù. Èyí tó kẹ́yìn, tó ń kán tó, tó, òun ni kó o gbà sínú ìgò."

Mo wọn mílílítà 10 sínú túùbù, mo gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí i bí òkòtó, gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ sísàlẹ̀. Mo kán ẹ̀kán kan sórí síláìdì. N ò tíì wá a jìnnà tí mo fi rí àkọ́kọ́. Ó gùn roboto bí ẹ̀gúsí tí a kò tíì bó, ìdí rẹ̀ sì ní ẹ̀gún ṣóńṣó kan. Nínú òmíràn, ọmọ kòkòrò ń mira wúyẹ́wúyẹ́. Mo kà á dé 60, mo dákẹ́. Bí ẹyin bá ti tó 50 nínú mílílítà 10, èyí tó pọ̀ gan-an là ń pè é. Ọmọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀mejì pé kò ní nǹkan kan nìyẹn o.

Àtọ̀sí ajá ni wọ́n ń pe àìsàn yìí nílé wa. Orúkọ yẹn gan-an ti ba nǹkan jẹ́, torí àwọn èèyàn á gbọ́ "àtọ̀sí", ọkàn wọn á lọ síbi ìṣekúṣe. Mo ti rí ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fẹ́ lé kúrò nílé nítorí ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀, bẹ́ẹ̀ odò tó ti ń fọ aṣọ ilé wọn ló ti kó o. Inú ìṣáwùrú omi dídúró ni ọmọ kòkòrò náà ti ń dàgbà, omi ló ń gbé e dé ara èèyàn, á gba awọ wọlé, á sì lọ fi iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká ṣe ilé. Takọtabo ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n ṣí dáàmù Ọ̀yán ní 1983, omi tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ wá dúró, àwọn tí wọ́n kó kúrò níbi tí omi gbà sì tẹ̀dó sí etí rẹ̀, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń wẹ̀. Ìṣáwùrú rí ilé, kòkòrò rí èèyàn. Bàbá ọmọ yẹn gan-an sọ pé òun náà tọ ẹ̀jẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé, pé àmì pé ọkùnrin ń dàgbà ni. Inú rẹ̀ ò dùn sí bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń ná owó mọ́tò.

Ẹyin tí kòkòrò yìí ń yé, ojú ọ̀sán ló ń pọ̀ nínú ìtọ̀, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Eré sísá díẹ̀ ń gbọ̀n ọ́n kúrò lára ògiri àpò ìtọ̀, ìtọ̀ ìkẹyìn ló sì ń gbé e jáde. Ìtọ̀ ìdájí lè mọ́ fóò lára ẹni tí kòkòrò kún inú rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì ní àyẹ̀wò kò rí nǹkan, ẹ má tíì bá ẹni tó wò ó jà bí ìyá yẹn ṣe bá mi jà (bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo yẹ lẹ́ni tí wọ́n bá jà). Ẹ béèrè pé ṣé ẹ lè mú ti ọ̀sán wá. Oògùn rẹ̀ ni praziquantel, mílígíráàmù 40 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára o. Ẹni tó bá padà sínú omi kan náà lè tún kó o, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ máa padà wá ṣe àyẹ̀wò.

Láti ọjọ́ yẹn, "ìgbà wo?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ mi. Kòkòrò náà ní aago tirẹ̀. Kòkòrò tó ń fa jàbùtẹ̀, òru ni ọmọ rẹ̀ ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀ ìta ara, láàárín aago mẹ́wàá sí aago méjì òru, torí ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri, òru ló ń jẹni. Kòkòrò ojú, èyí tí èèyàn máa ń rí tó ń rìn kọjá lórí ẹyin ojú, ọ̀sán gangan ni tirẹ̀, torí eṣinṣin tó ń gbé e kiri, ọ̀sán ló ń jẹni. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe mọ ọjà wọn? Mo ti bá wọn lọ gba ẹ̀jẹ̀ jàbùtẹ̀ lóru rí, àwọn ọ̀dọ́ abúlé kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi wá ṣe gbọ́mọgbọ́mọ. Ọpẹ́ ni pé bébà àyẹ̀wò tó ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀sán ti dé báyìí. Ìgbẹ́ náà ní aago tirẹ̀: bí a bá fi glísárínì ṣe síláìdì láti wá ẹyin kòkòrò ìwọ̀ (hookworm), kó tó wákàtí kan ni ká ti wò ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹyin náà á yọ́ mọ́ni lójú.

Ti ibà ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa jù. Àbúrò mi obìnrin pè mí lọ́jọ́ kan: "Ẹ̀gbọ́n mi, ibà yìí ò lọ o. Mo ti lo oògùn pé, wọ́n tún tẹ̀ mí níka, ìlà méjì ló tún yọ." Wọ́n ti fẹ́ fún un ní oògùn ibà ẹlẹ́ẹ̀kẹta láàárín oṣù kan. Mo bi í pé ìgbà wo ló lo ti àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni. Bébà ìlà méjì tí a ń lò jù, kì í ṣe kòkòrò fúnra rẹ̀ ló ń wá, ohun tí kòkòrò tú sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń wá, ìyẹn sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Bí ìgbà tí èèyàn gbóòórùn ẹja nínú ilé tí wọ́n ti jẹ ẹja tán ni. Mo ní kó lọ ṣe ti síláìdì, èyí tí wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ sí nípọn tí wọ́n sì ń rẹ ní aró. Kò sí kòkòrò kankan. Àpòòtọ̀ rẹ̀ ló ń ṣe é. Nítorí náà, bí ẹ bá ti lo oògùn ibà láàárín oṣù kan, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀ yín níka. Ẹ má dúró kó béèrè.

Àti "ibà pẹ̀lú tàífọ́ìdì" tí wọ́n ń kọ fún gbogbo wa bí ẹni kọ orúkọ ìbejì! Àyẹ̀wò Widal ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti pe tàífọ́ìdì. Ohun tí ara ti bá jà látijọ́ lè mú kó yọ. Mo ti sọ ọ́ títí, ẹnu mi ti bó.

Ọ̀rọ̀ awọ ara ló máa ń dùn mí jù. Ẹni tí làpálàpá mú kì í kọ́kọ́ wá sí láàbù. Kẹ́míìsì ló ń lọ, wọ́n á sì ta ìpara tó pa oògùn mẹ́ta pọ̀ fún un: ọ̀kan ń pa fọ́ńgàsì (ìran ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu), ọ̀kan ń pa bakitéríà, ẹ̀kẹta jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì tó ń pa ìyún lẹ́nu mọ́. Ẹ̀kẹta yẹn ni ọ̀dàlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ìyún á lọ, pípọ́n á rọlẹ̀, ẹni náà á ní oògùn yìí mà ṣiṣẹ́ o. Bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kí ara fi bá fọ́ńgàsì jà ni sítẹ́rọ́ìdì ti dè lọ́wọ́. Tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, òrùka tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ làpálàpá ti parẹ́, ó ti tàn dé itan, dókítà pàápàá lè pè é ní nǹkan mìíràn.

Obìnrin kan wá báyìí, ó ti wẹ̀, ó ti fi ìpara ra gbogbo ibi tí làpálàpá wà láàárọ̀, kó má bàa dójú ti òun níwájú wa. Mo ha á, ọ̀rá ìpara ni mo rí. Mo ní kó fi ìpara yẹn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó padà wá. Ó padà wá tìbínú-tìbínú, ó ń hanra, ṣùgbọ́n òrùka ti yọ padà kedere. Etí òrùka náà ni mo ha lọ́tẹ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni fọ́ńgàsì ti ń jẹun lọ, àárín ti ń jiná. Mo kán omi kẹ́míkà tó ń jẹ òkú awọ tí kì í jẹ fọ́ńgàsì sí i, mo dúró díẹ̀. Nígbà tí mo wò ó, wọ́n wà níbẹ̀ yẹ́lẹyẹ̀lẹ̀, bí gbòǹgbò koríko tó ya sọ́tùn-ún sósì. Mo pè é kó wá wò ó fúnra rẹ̀. Ó wò ó, ó ní, "Àwọn wọ̀nyí ni mò ń fún lóúnjẹ?"

Ti orí ọmọdé kò gba ìpara lásán, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síbí. Inú gbòǹgbò irun ló wà, oògùn mímu ló ń bá a níbẹ̀.

Fọ́ńgàsì tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró wà pẹ̀lú. Bàbá kan lọ́jà wa gba ìtọ́jú ikọ́ ife, ó yá. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ó tún ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò ikọ́ ife, ní kò sí ikọ́ ife, síbẹ̀ wọ́n tún fún un ní oògùn rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó rò ó sí ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn ni wọ́n tó mọ̀ pé fọ́ńgàsì ti kọ́lé sínú ihò tí ikọ́ ife àkọ́kọ́ dá sílẹ̀. Ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ to orúkọ fọ́ńgàsì 19 tí ó yẹ kí ayé mójú tó, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì yà mí lẹ́nu. Ẹni tí àyẹ̀wò ikọ́ ife rẹ̀ kò rí nǹkan, tí ikọ́ kò sì lọ, kó béèrè tààrà lọ́wọ́ dókítà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò lè jẹ́ fọ́ńgàsì?"

Ọ̀gá mi ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Mo fi páálí ńlá kan kọ́ sí ẹnu ọ̀nà láàbù, lẹ́tà gàdàgbà: ÌTỌ̀ ÀTỌ̀SÍ AJÁ, AAGO MẸ́WÀÁ SÍ AAGO MÉJÌ. Ẹ SÁRÉ DÍẸ̀ KẸ́ Ẹ TÓ TỌ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tó múra kóótù, tó di táì, béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé òun náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó bọ́ kóótù, ó fi kọ́ ẹ̀ka máńgòrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.